Ta Ló Fún Owó Ẹyọ Níyì? Àgbéyẹ̀wò Àríyànjiyàn Kan, Láti Etíkun Dé Pira

Láàárín ọdún 1152 sí 1192, Wichmann ni bíṣọ́ọ̀bù àgbà ìlú Magdeburg ní ilẹ̀ Jámánì. Bó ṣe ń ṣe olórí ìjọ ló ń ṣe olórí ìlú, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti rọ owó fàdákà. Owó ọ̀hún fẹ́lẹ́ bí ewé, ojú kan ṣoṣo ni wọ́n ń tẹ àwòrán sí. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ìkéde á jáde pé owó tó wà lọ́wọ́ ará ìlú ti kú: kí wọ́n kó méjìlá wá, kí wọ́n gba mẹ́sàn-án tuntun. Mẹ́ta tó ṣẹ́ kù di ti bíṣọ́ọ̀bù. Ọ̀pọ̀ bíṣọ́ọ̀bù mìíràn nílẹ̀ náà ló ń rọ owó tiwọn bákan náà. Ẹni tó bá béèrè pé ta ló fún irú owó bẹ́ẹ̀ níyì, ìdáhùn kò jìnnà. Ẹni tó bí i ló ń pa á.

Ti owó ẹyọ kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí orí ọba lára rẹ̀, kò sí alágbẹ̀dẹ tó rọ ọ́, inú òkun ló ti jáde, nílẹ̀ àjèjì. Síbẹ̀ wọ́n ná an ní Ọ̀yọ́, wọ́n ná an ní Àgbómẹ̀, wọ́n ná an ní ilẹ̀ Haúsá, láàárín àwọn ọba tí wọn kì í gbọ́ ti ara wọn. Ọ̀rọ̀ náà le jù fún ibi tó rí bíi Pira, ọ̀kan nínú àgbègbè mẹ́sàn-án tó wà lábẹ́ Bantè, lójú ọ̀nà tó ti Savalou lọ sí Bassila àti Djougou. Ibẹ̀ jìn sí etíkun tí ọkọ̀ òyìnbó ń já ẹyọ sí, ó sì jìn sí aṣálẹ̀ tí ràkúnmí ń gbà kó o wá. Kí ló mú kí ẹni tó ń ta iṣu ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ gba ìkarahun lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí?

Àwọn onímọ̀ ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí láàárín ara wọn fún ohun tó ju àádọ́ta ọdún lọ. Kò tíì sí ẹni tó borí.

Bí wọ́n ṣe ń kà á

Ká ti ibi pẹlẹbẹ mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ. Wọ́n á kọ́kọ́ fọ́ ẹ̀yìn ẹyọ kí okùn lè rí ọ̀nà kọjá, wọ́n á wá sín in. Ogójì ni okùn kan. Okùn márùn-ún di igba, àádọ́ta okùn di ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá di ọ̀kẹ́ kan. Àpò ni ọ̀kẹ́ kó tó di iye. Ẹni tó bá ń pe 20,000 ní ọ̀kẹ́ kan lónìí, àpò owó ẹyọ ló ń gbé láìmọ̀. Ní Ouidah létíkun, èdè Pọtogí ni wọ́n fi ń bá òyìnbó ṣírò: ogójì ni toque, igba ni galinha, 4,000 sì ni cabeça, ìyẹn orí. Orí ti Yorùbá, ẹgbàá péré ni. Ẹni tó bá ka ìwé àtijọ́ tó sì rí «orí owó kan», kó kọ́kọ́ béèrè pé orí ibo ni.

Oríṣi ẹyọ méjì ló sì wà, ìyàtọ̀ wọn ṣe pàtàkì fún gbogbo ohun tó kù. Ẹyọ kékeré ti erékùṣù Maldives kò wúwo ju gíráàmù kan ó lé díẹ̀. Ẹyọ ti Zanzibar àti etíkun ìlà-oòrùn Áfíríkà wúwo ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ.

Àwọn tó ní ọ̀nà jíjìn ni

Èrò àkọ́kọ́ rọrùn: ohun tó bá ti ọ̀nà jíjìn wá máa ń wọ́n, ohun tó bá sì wọ́n á níyì. Ẹlẹ́rìí wọn tó lágbára jù ni Ibn Battuta, arìnrìn-àjò ọmọ Morocco. Ó gbé ní Maldives, ó ní níbẹ̀ dínárì wúrà kan máa ń ra ẹyọ 400,000, nígbà mìíràn kó tó 1,200,000. Nígbà tó wá dé ilẹ̀ Mali ní 1352, dínárì kan kò ra ju 1,150 lọ. Ẹyọ kan náà ni, òkun àti aṣálẹ̀ ló wà láàárín.

Wọ́n tún ní ara ẹyọ fúnra rẹ̀ yẹ fún owó. Kì í jẹrà, kì í dípẹtà, iná kì í tètè jẹ ẹ́, kò sì sí ẹni tó lè rọ ayédèrú rẹ̀. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn lè fi ra ẹ̀kọ kan tàbí ìwọ̀n iyọ̀ bíńtín, ohun tí wúrà àti fàdákà kò lè ṣe. Owó fàdákà Magdeburg tó kéré jù pàápàá pọ̀ jù fún ìyá eléwé.

Èrò yìí lágbára dé ìwọ̀n kan, lẹ́yìn náà ó ṣubú. Láàárín 1700 sí 1790, ọkọ̀ Hollandi àti ti Gẹ̀ẹ́sì kó nǹkan bí 11,400 tọ́ọ̀nù ẹyọ wá sí Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ìyẹn nǹkan bí bílíọ̀nù mẹ́wàá ẹyọ. Amsterdam àti London ni ó kọ́kọ́ ń gbà, nítorí ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Íńdíà máa ń fi tẹ ìdí ọkọ̀ kó má baà dojú dé lójú agbami. Bó bá jẹ́ ọ̀wọ́n nìkan ló fún un níyì, ọ̀pọ̀ tó báyìí ìbá ti sọ ọ́ di yanrìn. Dípò bẹ́ẹ̀, ńṣe ni àwọn tó ń ná an ń pọ̀ sí i.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń kọ̀wé láti etíkun kì í sábà bá wa wọ̀n. Ọ̀kẹ́ kan ẹyọ Maldives tó kìlò mẹ́tàlélógún. Ẹrù orí alárùú kan nìyẹn. Láti Ouidah dé Pira ju 200 kìlómítà lọ, alárùú yóò sì máa jẹun lójú ọ̀nà; ẹyọ ni yóò sì fi ra oúnjẹ. Owó tó ń jẹ ara rẹ̀ bó ṣe ń rìn ni. Kí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ tó gòkè, ẹnì kan ní láti wà lókè tó ń retí rẹ̀. Ọ̀wọ́n kò sọ ẹni náà fún wa.

Àwọn tó ní ààfin ni

Karl Polanyi, ọmọ Hungary tó kú ní 1964, kọ ìwé kan lórí Dahomey, ìyẹn ìjọba Àgbómẹ̀, àti òwò ẹrú tó jáde lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní 1966. Lójú tirẹ̀, ọba Àgbómẹ̀ ni bíṣọ́ọ̀bù àwa níhìn-ín. Kò rọ owó, ṣùgbọ́n òun ló mú un dúró: owó ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi ra oúnjẹ lọ́jà, owó ni wọ́n fi ń san owó orí àti owó ibodè, àṣẹ ló sì ń ti iye rẹ̀ lẹ́yìn. Polanyi ní ìwọ̀n wúrà kan jẹ́ 32,000 ẹyọ, bẹ́ẹ̀ ló sì wà fún ìgbà pípẹ́ láìyẹ̀.

Kí a má tètè fi èrò yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Lẹ́yìn tí Agaja, ọba Àgbómẹ̀, gba Ouidah ní 1727, ẹnu ọ̀nà òkun bọ́ sọ́wọ́ Àgbómẹ̀. Àwọn oníbodè ọba wà lójú ọ̀nà tí wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ oníṣòwò. Nígbà ayẹyẹ ọdọọdún, ọba máa ń gun orí pèpéle, á máa fọ́n owó ẹyọ sáàárín èrò. Àwọn òyìnbó tó bá wọn péjọ kọ ọ́ sílẹ̀ léraléra. Owó tó bá ti ọwọ́ ọba jáde báyìí, tó tún ń padà sọ́wọ́ ọba ní ibodè, ó ti ní bàbá.

Ibi tí èrò Polanyi ti ń jò ni ààlà. Wọ́n ti ń ná ẹyọ ní Ouidah kí Agaja tó dé ibẹ̀. Wọ́n ń ná an ní Ọ̀yọ́, ní Ìjẹ̀bú, ní Ẹ̀gbá, ní Kano, níbi tí àṣẹ Àgbómẹ̀ kò dé. Ní àríwá Àgbómẹ̀, ìlú Mahi púpọ̀ ni ọmọ ogun Dahomey ń jà léraléra. Ẹni tí ogun ọba lé kúrò nílé, kí ni yóò mú un tẹ̀ lé òfin owó ọba náà? Ó sì ń ná ẹyọ. Ó ṣe kedere sí mi pé ààfin lè gbé owó ró nínú ilé rẹ̀. Bó ṣe di owó lọ́wọ́ ọ̀tá rẹ̀ ni èrò yìí kò lè sọ.

Àwọn tó ní ọjà ni

Ìdáhùn sí Polanyi kò pẹ́. Marion Johnson kọ àpilẹ̀kọ alápá méjì lórí owó ẹyọ ní 1970. Òun àti Jan Hogendorn sì gbé ìwé jáde ní 1986 lórí ẹyọ àti òwò ẹrú, tí wọ́n fi ìwé àkọsílẹ̀ ọkọ̀ ṣe ìdí rẹ̀. Ní 1992, Robin Law dojú kọ Polanyi gan-an lórí iye owó ọjà ní Dahomey. Kókó ọ̀rọ̀ wọn ni pé ẹyọ ń ṣe bí owó yòókù: bó bá pọ̀, á rẹlẹ̀, bó bá wọ́n, á gòkè, ọba kì í pàṣẹ fún ẹlẹ́ran.

Ẹ jẹ́ ká wo galinha yẹn. Adìẹ ni ọ̀rọ̀ náà lédè Pọtogí. Wọ́n pe igba ẹyọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé òun ni owó adìẹ kan nígbà náà. Nígbà tó yá, igba kò ra adìẹ mọ́, ṣùgbọ́n orúkọ kò yí padà. Bí ẹnì kan bá sọ pé owó kò yẹ̀ ní Dahomey, adìẹ yìí nìkan tó láti já a ní koro. Iye wúrà tí Polanyi dì mú, owó ìṣirò láàárín oníṣòwò ńlá ni; kò sọ ohun tí ìyàwó ilé ń san lọ́jà.

Èmi gbà pé àwọn wọ̀nyí ló ní ẹ̀rí tó dúró dáadáa jù. Àmọ́ ẹ̀rí náà, etíkun ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Akọ̀wé ọkọ̀ mọ iye tọ́ọ̀nù tó sọ̀. Kò mọ iye tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ nínú ìkòkò, iye tó fọ́, iye tí wọ́n rán mọ́ aṣọ, iye tó gòkè lọ sí Djougou tí kò padà wá mọ́. Bílíọ̀nù mẹ́wàá tó wọlé kì í ṣe bílíọ̀nù mẹ́wàá tó ń yí lọ́jà. Láìmọ iye tó ń yí, ìṣirò «bó bá pọ̀ á rẹlẹ̀» ń fi ẹsẹ̀ kan rìn. Bẹ́ẹ̀ ni wọn kò sọ ìdí tó fi jẹ́ ẹyọ ni ọjà mú, tí kò mú ìlẹ̀kẹ̀, bàbà tàbí iyọ̀, tí gbogbo wọn wà níbẹ̀ náà.

Àwọn tó ní ojúbọ ni

Akin Ogundiran kọ̀wé ní 2002 lórí ìlẹ̀kẹ̀ àti ẹyọ nílẹ̀ Yorùbá. Ohun tó fà yọ ni pé kí òwò Òkun Àtìláńtíìkì tó dé, ìlẹ̀kẹ̀ ló gbé iyì àti agbára. Ẹyọ wá bọ́ sí àyè tí ìlẹ̀kẹ̀ ti là sílẹ̀, ó wọ inú ẹ̀sìn, ó wọ ara, ó di ti Olókun àti ti Ajé. Toyin Falola àti Akanmu Adebayo náà fi ìwé tó jáde ní 2000 tẹnu mọ́ ọn pé a kò lè ya owó Yorùbá kúrò lára àṣà àti ìṣèlú. Ẹni tó bá ti rí ẹẹ́rìndínlógún lórí àtẹ kò nílò àlàyé púpọ̀: ìkarahun kan náà tí ń ra iṣu ló ń sọ àyànmọ́.

Láti Benin wa níbí, Félix Iroko ló wọ inú ọ̀rọ̀ yìí jìn jù. Ìwé ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀, tó ṣe ní Paris ní 1987, dá lórí ẹyọ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà láti ọ̀rúndún kẹwàá dé ogún. Ó kó ìtàn ẹnu jọ tó ní òkú ẹrú ni wọ́n ń jù sínú òkun kí ẹyọ lè lẹ̀ mọ́ ọn, kí wọ́n wá fà á jáde pẹ̀lú owó lára. Kò sí irú ẹyọ tí wọ́n ń ná yìí tó ń gbé etíkun wa, nítorí náà ìtàn náà kò lè jẹ́ òótọ́ bó ṣe rí. Gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ ohun tí àwọn baba wa mọ̀ nípa ibi tí ọrọ̀ náà ti ń wá, èmi kò mọ ìwé ìṣirò tó sọ ọ́ yéni tó bẹ́ẹ̀.

Àléébù ibẹ̀ ni èwo ló ṣáájú. Ṣé mímọ́ ẹyọ ló sọ ọ́ di owó ni, àbí owó tó jẹ́ ló sọ ọ́ di mímọ́? Èdè kò ràn wá lọ́wọ́: lédè Fọ̀n, akwɛ́ ni ẹyọ, akwɛ́ náà ni owó. Bí Ogundiran bá sì tọ̀nà, ẹyọ kò pọ̀ lọ́wọ́ àwọn Yorùbá kí ọkọ̀ òyìnbó tó dé. Á jẹ́ pé iyì rẹ̀ nínú ẹ̀sìn kò lè gbó ju òwò náà lọ púpọ̀.

Ta ló pa á?

Àríyànjiyàn lórí ikú ẹyọ ń tan ìmọ́lẹ̀ sórí ìbí rẹ̀, ilẹ̀ Jámánì sì tún padà sínú ọ̀rọ̀ níhìn-ín.

Ní àárín àwọn ọdún 1840, àwọn oníṣòwò Hamburg bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹyọ ńlá ti Zanzibar wá sí etíkun wa láti fi ra epo pupa. Ilé iṣẹ́ Hertz ló ṣáájú, O'Swald tẹ̀ lé e. Gaiser tí àwọn ará Èkó mọ̀ dáadáa, ọ̀dọ̀ O'Swald ló ti wá. Àwọn ará Faransé náà kò gbẹ́yìn. Láàárín 1851 sí 1869, nǹkan bí 35,000 tọ́ọ̀nù ló wọlé, ó tó bílíọ̀nù mẹ́rìnlá ẹyọ. Ẹ fi wé e: ohun tó wọlé láàárín ọdún méjìdínlógún ju ohun tí ọkọ̀ Hollandi àti ti Gẹ̀ẹ́sì kó wọlé láàárín àádọ́rùn-ún ọdún, láti 1700 sí 1790, lọ. Iye ẹyọ já lulẹ̀. Kò sí bíṣọ́ọ̀bù tó kéde ohunkóhun, ṣùgbọ́n ẹni tó kó ọ̀kẹ́ mẹ́wàá pa mọ́ jí lọ́jọ́ kan, ó rí i pé olè ti jà á láìfọwọ́ kan àpò rẹ̀. Ẹyọ Zanzibar tún wúwo: ọ̀kẹ́ kan rẹ̀ sún mọ́ àádọ́ta kìlò. Owó rọ̀, ẹrù le.

Àwọn ẹgbẹ́ kan ní ibẹ̀ ni owó ẹyọ kú sí, ìjọba òyìnbó kàn wá sin òkú ni. Walter Ofonagoro, nínú àpilẹ̀kọ tó kọ ní 1979 lórí Gúúsù Nàìjíríà, wo ọwọ́ ìjọba amúnisìn dáadáa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1904, wọ́n fòfin de kíkó ẹyọ wọ Nàìjíríà. Ní Dahomey, lẹ́yìn tí Faransé ṣẹ́gun ọba Béhanzin ní 1894, owó orí dé ní 1899, ọ̀rọ̀ sì di ti fàráńkì. Ẹni tí kò bá ní fàráńkì á lọ ṣiṣẹ́ fún ẹni tó ní.

Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ní ìdí. Àmọ́ bí ẹyọ bá ti kú lọ́wọ́ Hamburg, kí ló dé tí wọ́n ṣì ń ná an nínú ọjà ilẹ̀ Lobi, ní Upper Volta àtijọ́, títí di àwọn ọdún 1940? Bó bá sì jẹ́ owó orí nìkan ló pa á, kí ló dé tí oníṣòwò ńlá etíkun ti ń fẹ́ fàdákà ju ẹyọ lọ kí owó orí tó dé? Owó kékeré àti owó ńlá, ó jọ pé ikú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n kú. Ìwé tó bá pa méjèèjì pọ̀ ni kì í yé èèyàn.

Àwọn òyìnbó fúnra wọn jẹ́wọ́ pé ẹyọ ní ohun tí fàdákà kò ní. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ rọ owó kékeré fún Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà lẹ́yìn 1906, ànìní, ìdá kan nínú mẹ́wàá kọ́bọ̀, wọ́n lu ihò sí àárín rẹ̀. Ihò yẹn kò ṣe nǹkan kan fún owó ju pé kí èèyàn lè sín in sókùn, bí baba rẹ̀ ti ń sín ẹyọ. Fàdákà náà fi orúkọ sílẹ̀ lọ́nà ti rẹ̀: lọ́wọ́ àwọn Haúsá àti Zarma ní Niger, dala ni fàráńkì márùn-ún títí dòní, tí 1,000 fàráńkì fi jẹ́ dala 200. Ọ̀rọ̀ náà jẹ́ ọmọ-ọmọ thaler, fàdákà tí wọ́n rọ láti inú ihò ìwakùsà Joachimsthal ní nǹkan bí 1520.

Lórí ọ̀kan, kò sí àríyànjiyàn rárá. Bíṣọ́ọ̀bù Wichmann gba méjìlá, ó dá mẹ́sàn-án padà. Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà fẹ́ mú máníllà, òrùka idẹ tí wọ́n ń ná bí owó, kúrò lọ́jà ní 1948, ó ra á lọ́wọ́ àwọn tó ní in. Fún ẹyọ, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé kò dá kọ́bọ̀ kan padà.

Ohun tí kò tíì yanjú

Ọ̀nà wo ni ẹyọ gbà dé àárín gbùngbùn Benin? Àríwá ti mọ̀ ọ́n tipẹ́: al-Bakri, òǹkọ̀wé èdè Lárúbáwá, kọ nípa rẹ̀ ní nǹkan bí 1068, ní 1964 sì ni Théodore Monod, onímọ̀ ọmọ Faransé, rí ẹrù tí àwọn oníràkúnmí kan sọ̀ sínú yanrìn Mauritania ní nǹkan bí ọ̀rúndún kejìlá, ẹyọ àti ọ̀pá idẹ, tí wọn kò padà wá gbé mọ́. Láti gúúsù, àwọn Pọtogí ti ń kó o wá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Djougou wà lójú ọ̀nà àwọn olóbì tó ń lọ láàárín ilẹ̀ Haúsá àti Salaga. Savalou kọjú sí Àgbómẹ̀ àti òkun. Agbègbè Bantè àti Pira wà láàárín méjèèjì. Ibì kan níbẹ̀ ni ẹyọ aṣálẹ̀ àti ẹyọ òkun ti pàdé, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ mẹ́rin òkè yìí tó ti fi ẹ̀rí hàn nípa ìgbà tó ṣẹlẹ̀.

A kò tíì mọ̀ bóyá àwọn ará òkè kọ ẹyọ ńlá Zanzibar nígbà tó dé, tàbí wọ́n gbà á pọ̀ mọ́ kékeré. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, á jẹ́ pé Hamburg kò pa owó òkè rárá, ọ̀rọ̀ á sì yí padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń di ẹrù lé owó orí Faransé lórí.

Ohun tó lè tú kókó yìí wà nínú ìkòkò àti àpò àtijọ́ ní ilé àwọn àgbà. Nítorí náà, ẹ̀yin tí irú rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín ní Pira, ní Bantè, ní Savalou, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì tà á fún àwọn tó ń fi ẹyọ ṣe ọ̀ṣọ́. Ẹ kọ́kọ́ yà á sọ́tọ̀. Ẹyọ Maldives kéré, etí rẹ̀ rí gun-gùn-gun bí èyí tó ní kókó. Ti Zanzibar tóbi jù, etí rẹ̀ sì ń dán yíká. Òrùka aláwọ̀ ọsàn tó máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀ lè ti bá ẹ̀yìn tí wọ́n fọ́ lọ, nítorí náà etí ni kí ẹ wò. Ẹ ka méjèèjì, ẹ kọ iye wọn sílẹ̀, ẹ sì kọ orúkọ ilé tí wọ́n ti rí i.